Kòsọ́kọ́, ọmọ ọba Èkó tó sá wá sí Àjàṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará wa ní Pobè àti Sakété ló ń ná ọjà Àjàṣẹ́, àwọn mìíràn sì ń kó ẹrù dé Èkó. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni ọmọ ọba Èkó kan sá wá ní ohun tó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Kòsọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, nítorí títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ oyè ṣì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá.

Ọba Òṣìnlókun ló bí Kòsọ́kọ́. Kó tó di pé oyè kàn án, ó ti gbé àfẹ́sọ́nà Ẹlẹ́tù Òdìbò níyàwó. Ẹlẹ́tù sì ni olórí àwọn afọbajẹ. Láti ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́tù ti di í sínú. Nígbà tí Ọba Adélé wàjà ní 1837, Olúwọlé ọmọ Adélé ni wọ́n fi jọba, wọ́n fo Kòsọ́kọ́ dá. Wọ́n tún fẹ̀sùn àjẹ́ kan Òpó Olú, arábìnrin rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ gbé ìjà dìde, kò borí, ló bá sá lọ. Ó dé Àjàṣẹ́, ó sì dé Ouidah.

Ní 1841, àrá sán, iná ran ẹ̀tù ìbọn láàfin, Olúwọlé sì bá a lọ. Akítóyè, àbúrò Òṣìnlókun, ló jọba. Àánú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é. Ẹlẹ́tù kìlọ̀ fún un títí, kò gbọ́. Ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ wálé, ó sì fi oyè Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ̀ dá a lọ́lá. Ẹlẹ́tù bínú lọ sí Àgbádárìgì.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀lé Kòsọ́kọ́. Nígbà tí Akítóyè rí i pé agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù, ó pe Ẹlẹ́tù padà. Ohun tó dá ogun sílẹ̀ nìyẹn ní oṣù keje 1845. Kòsọ́kọ́ ṣẹ́gun, ó pa Ẹlẹ́tù, ó sì gorí oyè. Akítóyè sá gba Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì. Ẹni tó pe ará ilé rẹ̀ wálé ló wá di ìsáǹsá yìí.

Òwò ẹrú ń lọ ní pẹrẹu ní Èkó nígbà náà, ọmọ Yorùbá tí ogun kó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà. Akítóyè ṣèlérí fáwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun yóò fòpin sí i bí wọ́n bá dá òun padà. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, wọ́n fi àgbá rọ̀jò ọta lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Oṣòdì Tápà àti ọ̀pọ̀ ọmọ ogun.

Ó gbógun padà wá ní 1853, kò rí i gbà. Lọ́dún náà ni Akítóyè kú, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní 1854, Kòsọ́kọ́ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: ó fi ìtẹ́ Èkó sílẹ̀, àwọn náà sì gbà pé kó máa darí òwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kkí.

Ní oṣù kẹjọ 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú fúnra rẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ wálé, wọ́n sì ń fún un ní 400 pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Ó kú ní 1872, kò sì gorí ìtẹ́ mọ́.

Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n jà sí adé títí àlejò fi gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.