Dagrin: Ọmọ ìta tó gbé ráàpù Yorùbá dé ipò ọ̀gá

Oladapo Olaitan Olaonipekun lorúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, ó lè má yé ẹnikẹ́ni. Dagrin ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Agbègbè Meiran, lápá Alágbàdo ní Èkó, ló ti dàgbà.

Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Still on the Matter, jáde lọ́dún 2006, àmọ́ ariwo rẹ̀ ò lọ jìnnà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ráàpù, òyìnbó ni wọ́n ń sọ, wọ́n á tún yí ohùn padà bíi ti ará Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá kọ tiẹ̀ ṣáájú, ká má fi iyì ẹni fún ẹlòmíì. Ohun tí Dagrin ṣe ni pé ó kó Yorùbá àdúgbò wọ sítúdíò bó ṣe wà lẹ́nu àwọn ọmọ ìta: ìhàlẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwàdà ń bẹ níbẹ̀, ebi náà ò gbẹ́yìn. Ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ìta, ìyẹn gan-an ni ìtumọ̀ C.E.O., àwo tó gbé jáde lọ́dún 2009. Sossick ló ṣe púpọ̀ nínú ìlù ibẹ̀. Pon Pon Pon gba ìgboro kan, tọmọ yunifásítì tawakọ̀ dánfó jọ ń kọ ọ́ ni.

Kò pẹ́ tó jẹun ọmọ. Lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ lu tírélà kan tó dúró sójú títì ní Mushin. Wọ́n gbé e lọ sí LUTH, ọjọ́ 22 oṣù náà ló dákẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. (Ẹ jáde lóru òní, ẹ ka tírélà tó dúró sójú títì, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa bóyá a kọ́gbọ́n.) Ohun tó tún da jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn ni pé ó ti kọ orin If I Die sílẹ̀ kó tó kú. Ọdún yẹn náà ni C.E.O. gba àmì ẹ̀yẹ àwo ráàpù tó dára jù lọ, olówó rẹ̀ ò sì sí láyé mọ́.

Lọ́dún 2011 ni fíìmù ìgbésí ayé rẹ̀, Ghetto Dreamz, jáde. Daniel Ademinokan ló darí ẹ̀, Trybson Dudukoko ló ṣe Dagrin. Ó dáa tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ó ti yá jù. Ọdún yẹn gan-an ni Olamide ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, jáde, Reminisce náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ogún tí Dagrin fi sílẹ̀ ò tíì hàn síta nígbà tí wọ́n ti pa kámẹ́rà. Ẹni tó bá fẹ́ tún fíìmù yẹn ṣe báyìí, ibi ìsìnkú ni kó ti bẹ̀rẹ̀.