Stu Ungar: Ìgboyà ló fi gbowó lọ́wọ́ àwọn àgbà onípóká, ìgboyà náà ló sì bá a jẹ́

Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 1998, wọ́n bá òkú ọkùnrin ẹni ọdún 45 kan nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kan ní ìlú Las Vegas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Owó tó wà lára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 800 dọ́là lọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún kan àti ààbọ̀ péré ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin yìí kan náà, nígbà tó gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là nídìí póká. Stu Ungar lorúkọ rẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́n nínú káàdì ṣì gbà pé ẹni tó mọ eré náà tó o kò pọ̀.

Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1953 ni wọ́n bí Ungar ní ìlú New York. Bàbá rẹ̀ ní ilé ọtí, ó sì tún ń gba owó tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lábẹ́lẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà sáàárín irú ilé bẹ́ẹ̀, káàdì kò lè ṣàjèjì sí i. Ungar kò tíì di géńdé tí bàbá rẹ̀ fi kú, àìsàn rọpárọsẹ̀ sì tún kọ lu ìyá rẹ̀. Bó ṣe fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìyẹn, tó di pé owó káàdì ló fi ń gbọ́ bùkátà.

Gin rummy, tó jẹ́ eré káàdì ẹni méjì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ó ń na àwọn tó dàgbà jù ú lọ débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a ta mọ́. Nígbà tó kó dé Las Vegas ní ìparí àwọn ọdún 1970, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò rẹ́ni bá ta kò lè rówó jẹun, ìyẹn ló mú kó yà sídìí póká.

Kí ẹ lè mọ ohun tó mú kí Ungar yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀ nípa eré náà. Nínú póká tí wọ́n ń pè ní Texas hold'em, káàdì méjì ni wọ́n máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ló sì ń rí i. Wọ́n á wá máa ṣí káàdì márùn-ún mìíràn, tó jẹ́ ti gbogbo wọn, sórí tábìlì, bí wọ́n bá sì ṣe ń ṣí i ni wọ́n ń fowó lé e. Bí ẹnì kan bá fowó sílẹ̀, ẹnìkejì lè san iye kan náà, ó lè fi kún un, ó sì lè ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kó gbà pé òun kò ṣe mọ́.

Ẹni tó kàn ń san iye tí ẹlòmíì bá fi sílẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní láti jẹ: àfi kí káàdì tirẹ̀ dára jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ẹni tó ń fowó kún owó ní. Káàdì rẹ̀ lè dára jù, ẹ̀rù sì lè ba ẹnìkejì kó sá. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà onípóká fi máa ń gba ẹni tó ń pàdánù ṣáá nímọ̀ràn pé kó yé ṣojo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀nà yìí ni Ungar mú, kò sì fi mọ níwọ̀n. Kì í jókòó dúró de káàdì tó dára. Owó kéékèèké tí àwọn yòókù kò fẹ́ torí rẹ̀ jà ló máa ń ṣà jọ, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa fura, owó ti di òkìtì níwájú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ńṣe ló kàn ń dáwó síta bíi wèrè. Ó máa ń rántí káàdì tó ti jáde débi pé àwọn ilé tẹ́tẹ́ kò jẹ́ kó ta blackjack lọ́dọ̀ wọn mọ́. Bó bá sì wojú ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀, ó máa ń mọ̀ bí àyà ẹni náà bá ń já. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbógun tì.

Ní ọdún 1980, ó wọ ìdíje World Series of Poker, níbi tí olúkúlùkù ti ń san 10,000 dọ́là kó tó lè jókòó. Ẹni 73 ló kópa. Ó ku òun àti Doyle Brunson, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì. Ungar, ẹni ọdún 26 tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ ilé ìwé, ló borí, ó sì gba 365,000 dọ́là. Torí ojú ọmọdé yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọmọdé. Ní ọdún 1981, ó tún gbà á.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ungar bá kúrò nídìí tábìlì, kò mọ bí èèyàn ṣe ń dẹwọ́. Owó tó bá jẹ nídìí póká, ìdí eré ẹṣin àti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ló ń kó o lọ. Kokéènì tún wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, ọmọkùnrin tó gbà tọ́ sì kú ní ọdún 1989. Ní ìdíje ọdún 1990, owó pọ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá a tì ní ọjọ́ kẹta. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí oògùn ti gbé e ṣubú. Owó tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì ṣì gbé e dé ipò kẹsàn-án láìsí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1997, kò ní owó ìwọlé lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Billy Baxter, ló san 10,000 dọ́là fún un. Pẹ̀lú àwòrán ọmọbìnrin rẹ̀ nínú àpò, ó na gbogbo èèyàn, ó sì borí John Strzemp níta gbangba ní òpópónà Fremont. Òun àti Baxter pín mílíọ̀nù kan dọ́là náà. Kò pẹ́ tí ìpín tirẹ̀ fi tán. Nígbà tí ìdíje ọdún 1998 dé, Baxter tún ṣe tán láti sanwó, ṣùgbọ́n Ungar kò jáde nínú yàrá. Àìsàn ọkàn tí oògùn olóró dá sí i lára láti ọ̀pọ̀ ọdún ló pa á ní oṣù kọkànlá ọdún náà, owó tí àwọn ọ̀rẹ́ dá ni wọ́n sì fi sin ín.

Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn akọni póká ní ọdún 2001. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n lára rẹ̀, kó rántí pé èèyàn ni ìgboyà Ungar ń ṣẹ́gun, èèyàn tó ṣeé dẹ́rù bà. Ẹṣin tó ń sáré kò mọ̀ pé ẹnì kan fowó lé òun, ẹ̀rù kì í sì í ba kokéènì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.