Socrates, Ẹni tí A Dá Lẹ́bi Àìbọ̀wọ̀ fún Òrìṣà

Ní ìlú Ateni, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni a bí Socrates ní nǹkan bí ọdún 470 ṣáájú ìbí Kristi. Gbígbẹ́ òkúta ni iṣẹ́ baba rẹ̀. Agbẹ̀bí sì ni ìyá rẹ̀. Ó jagun fún ìlú rẹ̀. Kò kọ ìwé kankan. Láìwọ bàtà ni ó máa ń rìn kiri ọjà, tí yóò máa bi tàgbà tèwe léèrè ohun tí òdodo jẹ́ àti ohun tí ìgboyà jẹ́.

Òrìṣà gan-an ni ó fà á sínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ wádìí ní ojúbọ Apollo ní Delphi, a sì wí fún un pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n ju Socrates lọ. Ọ̀rọ̀ náà rú Socrates lójú. Ó ń tọ àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé wọn kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ̀ pé àwọn kò mọ̀. Ta ni yóò fẹ́ràn ẹni tí ó tú u láṣìírí ní gbangba?

Ní ọdún 404, Sparta ṣẹ́gun Ateni. Bí ìyà bá sì ti jẹ ìlú, àwọn ènìyàn a máa wá ẹni tí ó ṣẹ àwọn òrìṣà. Ní ọdún 399, Meletus, Anytus àti Lycon pe Socrates lẹ́jọ́ pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, pé ó ń mú òrìṣà titun wọlé, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́.

Plato, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, kọ ọ́ pé bí ó ti ń lọ jẹ́ ẹjọ́ náà, ó pàdé Euthyphro, ẹni tí ó pe baba ara rẹ̀ lẹ́jọ́ ìpànìyàn, tí ó sì ń fọ́nnu pé òun mọ ohun tí àwọn òrìṣà ń fẹ́. Socrates bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun. Ó bi í bóyá nítorí pé ohun kan dára ni àwọn òrìṣà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ṣe dára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ọkùnrin náà lọ, ó ní òun ń kánjú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Níwájú nǹkan bí 500 ará ìlú tí ó jókòó ṣe ìdájọ́, Socrates wí pé òrìṣà ni ó fi òun sí ẹnu iṣẹ́ yìí bí a ti ń fi ọmọ ogun sí ibùdó, òun kò sì lè kúrò níbẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ikú. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un.

Ṣùgbọ́n wọn kò lè pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkọ̀ ìlú ti lọ bọ Apollo ní erékùṣù Delos, èèwọ̀ sì ni kí a pa ènìyàn kí ọkọ̀ náà tó dé. Ìlú tí ó fẹ́ pa aláìṣẹ̀ ń pa èèwọ̀ òrìṣà mọ́! Crito, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣètò láti mú un sá lọ. Ó kọ̀, nítorí pé kò fẹ́ rú òfin ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó gba ife omi ewé olóró, ó sì mu ún. Bí ara rẹ̀ ti ń tutù lọ, ó rán Crito létí pé wọ́n jẹ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ní gbèsè àkùkọ kan, kí ó má ṣe gbàgbé láti san án.