Fágúnwà, Tíṣà Tó Mú Wa Wọ Igbó Irúnmalẹ̀

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà la gbé wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí.

Òkè-Igbó, ní ilẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1903. Ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì padà di tíṣà níbẹ̀. Ní 1936, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ṣe ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà kọ ìtàn kan, ilé ìtẹ̀wé CMS sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀.

Kí ló dé tí ìwé náà ò kú títí dòní? Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni. Fágúnwà ò kàn kó akọni jọ lásán. Kàkò ló ni kùmọ̀, Ìmọ̀dóyé ló ni ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ló ni orin, Èfọ̀ìyẹ̀ ló ni ọfà, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko. Nígbà tí ọba rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ibi tí agbára ẹnì kan bá pin sí, ẹlòmíì á bọ́ síwájú. Ọmọdé tó bá ń kà á á tètè mú ẹni tó wù ú.

Àkàrà-ògùn tó ń sọ ìtàn náà gan-an kì í borí nígbà gbogbo. Abàmì ẹ̀dá kan mú un nínú igbó, ó gùn ún bí ẹṣin! Kò sì sọ ìtàn rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Á sọ díẹ̀, á fi ìyókù dọ̀la, èrò á sì tún pọ̀ sí i. Ta ló máa pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé láìkà á tán?

Fágúnwà tún kọ Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje àti Àdììtú Olódùmarè. Ní oṣù Kejìlá 1963, omi gbé e lọ nítòsí Bídà. Ó ṣe wá láàánú, torí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká sọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn di èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìtàn tí àwa ń kọ ní kíláàsì, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́n, tó máa ń lágbára, tó tún máa ń rẹwà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àbúrò wa ní JSS 1 fi ń sùn lórí ẹ̀. Kí o tó gbé bírò, bi ara rẹ: kí ni ẹni inú ìtàn mi lè ṣe tí ẹlòmíì ò lè ṣe? Kí ló sì máa borí rẹ̀?