Ìtàn Olóògbé Aina Onabolu, Olùkọ́ tí ó Fi Ìwọ̀n Ara Ènìyàn Han Àwọn Ọmọ Èkó

 Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọjá ní àdúgbò àwọn òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú yóò jẹ́rìí pé àwòrán ènìyàn kì í wọ́n níbẹ̀: àwòrán olóògbé fún ìsìnkú, àwòrán ọkọ àti ìyàwó fún ìgbéyàwó, àwòrán àwọn ọba àti ìjòyè lórí kàlẹ́ńdà. Ní Bàrígà tí ó jẹ́ alámùúlégbè rẹ̀ sì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíráma ti C.M.S. wà lónìí, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, tí ó sì ṣí wá sí ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Erékùṣù, ọkùnrin kan wà nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo òǹtẹ̀wé àti gbogbo ọmọ-ilé-ìwé àdúgbò wa mọ orúkọ rẹ̀. Olóògbé Aina Onabolu ni.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Onabolu sí, ní ọdún 1882. Ó jẹ́ ọmọ ọdún bí 10 nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892. Lẹ́yìn ogun náà, ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti ilé-ìwé wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá lọ́pọ̀lọpọ̀, ìwé àti ìwé-ìròyìn òyìnbó sì bá wọn wọlé. Níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ń wo ọ̀rọ̀ inú ìwé, àwòrán ni ojú Onabolu ń wá. A máa mú pẹ́ńsùlù, a máa dà wọ́n kọ, bí kò bá jọ, a máa pa á rẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ yìí, kò sì sí olùkọ́ kan tí ì bá tọ́ ọ sọ́nà, nítorí àwọn ilé-ìwé ìgbà náà kò ka àwòrán yíyà sí. Akọ̀wé, olùkọ́ àti ajíhìnrere ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ayàwòrán.

Nígbà tí ó ṣe, ó wá sí Èkó láti túbọ̀ kàwé, ó sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwòrán ni ọkàn rẹ̀ wà. Ní ọdún 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin pàtàkì Èkó ìgbà náà, títí di òní a sì ń ka àwòrán náà mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ó ṣí ojú-ìwé tuntun nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọkùnrin yìí kò tí ì jókòó níwájú olùkọ́ àwòrán kankan rí. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà sì gbà pé kò sí bí aláwọ̀ dúdú ti lè kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó yanjú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan ni ó wà nínú àríyànjiyàn yìí. Bí a bá gbà pé ojú wa kò lè wọn ohun tí ó rí, a ó gbà pẹ̀lú pé ọpọlọ wa kò lè mọ ìṣirò, ọwọ́ wa kò sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ.

Onabolu kò fi ẹnu jà. Ní ọdún 1920, nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún 38, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ẹ̀kọ́ tán, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán St. John's Wood. Ọdún 1920 yìí kan náà ni ó ya àwòrán Dókítà Sapara tí gbogbo Èkó mọ̀ bí ẹni mowó. Ní ọdún 1922 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gba ìwé-ẹ̀rí, ó sì padà wá sílé láti fi ohun tí ó kọ́ kọ́ àwọn ọmọ wa.

Kí ni ó mú bọ̀? Ó mú ìwọ̀n bọ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní bí egungun àti ẹran-ara ti so pọ̀, àti bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú ju èyí tí ó wà nítòsí. Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn yìí ni ó tẹnu mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ-ilé-ìwé fi sọ ọ́ ní Mista Perspective. Ẹ̀kọ́ ìwọ̀n ara kò sì le fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú. Bí a bá fi gígùn orí àgbàlagbà wọn ìdúró rẹ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò tó orí méje àti ààbọ̀. Ti ọmọ ọwọ́ kò ju bí orí mẹ́rin lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pínyà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àárín ara. Ojú kò sí lókè orí gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ti máa ń yà á. Àárín gbùngbùn orí ni ó wà. Bí ènìyàn bá na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ìbú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú gíga rẹ̀. Ẹni tí ó bá na pẹ́ńsùlù síwájú, tí ó di ojú kan, tí ó sì fi àtàǹpàkò sàmì sí i, yóò rí ìwọ̀n wọ̀nyí fúnra rẹ̀.

Láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì ni Onabolu ń lọ: King's College, C.M.S. Grammar School, Eko Boys' High School àti àwọn mìíràn. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùrànlọ́wọ́. Ní ọdún 1927 ni Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo iṣẹ́ ọnà àwọn baba wọn. Onabolu ní tirẹ̀ ka ère àwọn agbẹ́gilére sí iṣẹ́ tí kò tí ì gún.

Níhìn-ín ni a ó ti sọ òtítọ́, nítorí kò yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ bo àṣìṣe. Agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ orí ère tó ìdá mẹ́rin gíga rẹ̀ kò ṣàìmọ̀ ìwọ̀n. Orí ni olórí ara lójú Yorùbá, ó sì fún un ní àyè ọlá. Àwọn ère idẹ Ifẹ̀ tí a hú jáde ní ọdún 1938 fi hàn pé ojú ènìyàn gan-an kò ṣòro fún àwọn baba wa láti rọ. Nítorí náà ìwọ̀n méjì ni a ní: ti ojú àti ti ọlá. Onabolu kò rí ọlá èkejì tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òyìnbó sọ pé ọwọ́ wa kò lè tó, òun ni ó fi lé wa lọ́wọ́.

Onabolu kú ní ọdún 1963, lẹ́yìn tí ó ti lé ní 80 ọdún láyé, tí àwọn ayàwòrán tí ó tọ ipa ọ̀nà rẹ̀ sì ti kún ilẹ̀ wa.

Àwa olùkọ́ pàápàá jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Bí ọmọ bá ya ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú, tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ti àgùnfọn, a máa ń sọ fún un pé kò ní ẹ̀bùn, a ó sì ní kí ó gbájú mọ́ ìṣirò. Ìtàn Onabolu bá wa wí. Ẹ̀bùn dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni a ń kọ́, ẹni tí a kò sì kọ́, a kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi. Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, pé bí ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ fi pẹ́ńsùlù àti ìwé àwòrán kún un. Owó rẹ̀ kò pọ̀. A kò mọ inú ilé tí Onabolu mìíràn wà lónìí, tí ó ń da àwòrán inú ìwé kọ láìsí olùkọ́.