Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Fẹlá Ṣówándé, Atẹdùùrù àti Olùdá Orin

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́, ó sì yẹ, kí a ka orúkọ àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá, àti ti àwọn tí ó ru yẹ̀pẹ̀ àti òkúta tí a fi mọ ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìjọ kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Ìjọ a máa gbàdúrà, ìjọ a sì máa kọrin. Nítorí náà ni àwa fi rí i pé ó dára kí a ya ojú ìwé mélòó kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìrántí yìí fún ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́, tí kì í sì í ṣe ará Arákàlẹ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan gbogbo ìjọ tí ń fi èdè Yorùbá yin Olúwa. Olóògbé Olúfẹlá Ṣówándé ni ọkùnrin náà. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe fi í pe Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin tí ó kú ní ọdún 1997. Ẹni ọ̀tọ̀ ni.

Kí olùkàwé má sì ṣe rò pé ọ̀nà jìn láti ilẹ̀ Oǹdó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán Charles Phillips sí Òde Oǹdó. Ó ṣe làálàá níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a fi yà á sí mímọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù yìí ni Thomas Ekúndayọ̀ Phillips, tí a bí ní ọdún 1884, ẹni tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní London láti ọdún 1911, tí ó padà dé ní ọdún 1914, tí ó sì jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà ti Kristi ní Marina, Èkó, títí di ọdún 1962. Lábẹ́ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù Oǹdó yìí ni Ṣówándé ti kọ́ dùùrù. Bí a bá wá orísun omi náà dáadáa, a ó rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ sun láti ilẹ̀ wa.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1905 ni a bí Fẹlá Ṣówándé. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé. Ó ti ṣe olùkọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Andrew Mímọ́ ní Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tísà àti katikísì fún iṣẹ́ ìjọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọkàn sí orin ìjọ. Bí ó ti ṣe báyìí, inú ilé tí a ti ń kọ orin Ọlọ́run ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ni ọmọ náà là sí. Nígbà tí ó dé Èkó, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School, lẹ́yìn náà ó lọ sí King's College. Ó wọ inú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdékùnrin ní Kàtídírà, ibẹ̀ ni ojú ọ̀gbẹ́ni Phillips sì ti bà lé e.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ó ń da ọ̀gbẹ́ni Phillips láàmú ní ìgbà náà, nítorí ogún tí ó fi lé ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn bàbá wa ti túmọ̀ orin àwọn òyìnbó sí èdè wa, a sì ń fi ohùn orin òyìnbó kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kì í ṣe èdè tí a lè gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ti wù wá. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ kọ ní ọ̀wọ̀, bí ohùn orin bá fà á sókè, etí lè gbọ́ ọ ní ọwọ́. Bí ó bá sì tún yí i, a lè gbọ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Àwọn àgbàlagbà a máa kọ ọ́ tọkàntọkàn, Ọlọ́run a sì gbọ́ ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀gbẹ́ni Phillips pinnu láti ṣe orin tí yóò tẹ̀lé ìró ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ti ń sọ ọ́, ó sì kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1953. Ọmọdékùnrin Ṣówándé gbọ́ àwọn orin wọ̀nyí, ó sì gbọ́ iṣẹ́ Bach àti ti àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù lórí dùùrù kan náà. Nínú ọkàn rẹ̀ kò sí ìjà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe orin ìjọ nìkan ni ó mọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin ní Èkó, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin tí ń lù fún àwọn tí ń jó. Ní ọdún 1934 ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti wá ìmọ̀ orin sí i, ibẹ̀ ni ó sì ti di ohun tí a lè pè ní alágbàṣe orin: ẹni tí a ń fi owó bẹ̀ láti wá lo ohun-èlò fún olórin ẹlòmíràn, tí ìyìn ń lọ sọ́dọ̀ akọrin, tí alágbàṣe sì ń gba owó rẹ̀ lọ sílé. Ó tẹ píánò nínú eré àwọn aláwọ̀ dúdú tí a ń pè ní Blackbirds ní ọdún 1936. Ó jùmọ̀ tẹ ohun-èlò pẹ̀lú Fats Waller, ọmọ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Fún Adelaide Hall, obìnrin akọrin ará Amẹ́ríkà, ó ń tẹ dùùrù Hammond tí iná mànàmáná ń mú dún, nínú ilé ijó alẹ́ kan ní Mayfair. Ó sì tẹ̀ ẹ́ fún un nínú àwo orin pẹ̀lú. Ilé ijó náà wó nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London.

Àwa mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ yóò béèrè bóyá ó tọ́ kí ọwọ́ tí ó ti tẹ dùùrù nínú ilé ijó di èyí tí ń tẹ dùùrù nínú ilé Ọlọ́run. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òní, a kò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí a mọ̀ nínú oko wa níhìn-ín. Alágbàṣe a máa ro oko olóko láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí ó ní ẹnu láti bọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́n nínú wọn a sì ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún oko ara rẹ̀. Ohun tí a ó fi ṣe ìdájọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó hù nínú oko tirẹ̀.

Kí ni ó hù nínú oko Ṣówándé? Lójú gbogbo iṣẹ́ alẹ́ wọ̀nyí, kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1943 ó yege nínú ìdánwò tí ó ga jù lọ ní Royal College of Organists, ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀bùn níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe olùdámọ̀ràn lórí orin fún Colonial Film Unit, iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1952, òun ni atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn ará wa Mẹ́tọ́díìsì ní àárín London. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ọmọ àlùfáà láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó ń gbé orin fún ìjọ àwọn òyìnbó ní olú-ìlú wọn.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tirẹ̀ fún dùùrù. Àwọn orúkọ tí ó sọ wọ́n kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: Ọbańgíjì, Oyígíyigì, Jésù Olùgbàlà, K'á Múra. Ohùn orin tí àwọn ènìyàn wa ti ń kọ láìsí ìwé ni ó mú, tí ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ìrọ̀rùn, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ohùn kan a bẹ̀rẹ̀, òmíràn a tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹnì kan ń dá orin tí agbo sì ń gbè é, títí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ atẹdùùrù yóò fi kún fún iṣẹ́. Kò sọ orin wa di ti òyìnbó. Ó fi ohun-èlò òyìnbó ṣe ìránṣẹ́ fún un. Àwọn tí ó ti rò pé orin ìlú kò yẹ fún ohun-èlò ńlá inú ìjọ rí èsì gbà láìsí àríyànjiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe máa ń wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ọdún 1944 ó parí African Suite, iṣẹ́ tí ó kọ fún àwọn ohun-èlò olókùn, tí ó pín sí ọ̀nà márùn-ún. Ó fi ohùn orin láti ilẹ̀ wa sínú rẹ̀, ó sì fi ti Ephraim Amu, àgbà olórin ìjọ ní ilẹ̀ Gánà, kún un. Ilé-iṣẹ́ Decca gbà á sínú àwo orin. Apá ìkẹyìn rẹ̀, tí a ń pè ní Akinla, rìn jìnnà: láti ọdún 1956 títí di ọdún 1997 ni ọ̀gbẹ́ni Clyde Gilmour ń ṣe ètò orin lórí rédíò ilẹ̀ Kánádà, Akinla ni a sì fi mọ ètò náà. Àìmọye ènìyàn tí kò dé ilẹ̀ Yorùbá rí, tí kò mọ̀ bí a ti ń pe Ṣówándé, ni ó gbọ́ orin rẹ̀ nínú ilé wọn.

Ní ọdún 1953 ó padà wá sílé láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Nísinsìnyí òun kọ́ ni alágbàṣe mọ́. Òun ni ó ń pe àwọn ẹlòmíràn wá sí iwájú ẹ̀rọ. Ó pe àwọn onílù, àwọn apìtàn àti àwọn tí ń ṣọ́ àṣà ìlú, ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ikú má ba à kó wọn lọ pẹ̀lú ìmọ̀ wọn. Ní ọdún 1956 Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè M.B.E. Nígbà tí Nàìjíríà sì gba òmìnira ní ọdún 1960, òun ni ó kọ Folk Symphony láti fi bu ọlá fún ọjọ́ náà.

A kò ní fi ohun kan pamọ́ fún olùkàwé. Nínú ìwádìí yìí, Ṣówándé wọ inú ẹ̀kọ́ Ifá jinlẹ̀, ó kọ ìwé lórí rẹ̀, òun àti Fágbèmí Àjànàkú sì jùmọ̀ kọ ìwé lórí orúkọ àmútọ̀runwá. Èyí lè ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti gbọ́ nípa ọmọ àlùfáà. Àwa kò ṣe onídàájọ́ lórí ọkàn ẹnikẹ́ni; Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ìnú. Ohun tí a lè fi ìdánilójú wí ni pé orin tí ó kọ fún ìjọsìn wà síbẹ̀, a sì ń fi í yin Olúwa títí di òní.

Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1987, ó sùn ní ìlú Ravenna ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ilẹ̀ àjèjì ni ó gba òkú rẹ̀.

Kí wá ni èyí wí fún ìjọ wa bí ó ti ń wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì? Ó wí fún àwọn akọrin wa pé kí wọ́n má ṣe ka orin ìbílẹ̀ sí ohun tí a fi ń kó owó ọrẹ ìkórè jọ nìkan. Orin tí ó yẹ kí a tẹ̀ níwájú pẹpẹ ni. Ó wí fún àwọn òbí pé ọmọ tí ń gbìyànjú lórí dùùrù lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n má ṣe lé e kúrò. Ó sì wí fún àwa ìgbìmọ̀ ìjọ pé ebi ń pa atẹdùùrù gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pa gbogbo ènìyàn, àti pé bí oko Ọlọ́run kò bá bọ́ ọ, oko ẹlòmíràn ni yóò máa ro. Kí ọ̀dọ́ kan láàárín wa kọ́ Ọbańgíjì dáadáa, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ fún wa nínú ilé yìí. Kí Olúwa tí ó fún àwọn bàbá wa ní ohùn má ṣe jẹ́ kí ohùn náà dákẹ́ ní ìgbà tiwa. Àmín.