John Mercer Langston: Ikọ̀ Tí Ó Di Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọdún 1829, ni a bí John Mercer Langston ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òyìnbó olóko ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹrú tí baba náà ti dá sílẹ̀. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà tí àwọn méjèèjì kú, a sì mú un lọ sí Ohio, níbi tí òfin kò gba oko ẹrú láàyè.

Ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin ní 1849. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. A tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó tọ agbẹjọ́rò kan lọ, ó kọ́ òfin lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1854.

Ní 1877, Ààrẹ Hayes rán an ní ikọ̀ sí Háítì, ilẹ̀ tí àwọn ẹrú ti fi ogun gbà lọ́wọ́ àwọn Faransé. (Àwọn Nàgó, ẹ̀jẹ̀ wa, wà lára àwọn tí a kó lọ síbẹ̀.) Òfin fi owó iṣẹ́ rẹ̀ sí dọ́là 7,500 lọ́dún, nígbà tí ó yá, 5,000 ni wọ́n ń san. Langston pe ìjọba tí ó ti sìn lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sì dá a láre ní 1886.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lórí jùlọ ni èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka iṣẹ́ yìí sí àtẹ̀gùn lásán tí a fi ń dé ipò ńlá. Láti ipò ńlá ni Langston ti wá sí i. Ní 1885 ó padà sí Virginia, ó sì di ọ̀gá àkọ́kọ́ fún Virginia Normal and Collegiate Institute, tí a dá sílẹ̀ ní 1882 fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, kí ogun abẹ́lé tó dé, òfin kò gbà kí a kó àwọn ẹrú jọ láti kọ́ wọn ní ìwé. Àwọn ọmọ irú ẹrú bẹ́ẹ̀ ni ó wá ń kọ́ láti di olùkọ́.

Kò pẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lòdì sí tirẹ̀ ti gba agbára, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní 1887. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. A kéde ẹlòmíràn. Ó bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà títí di oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 1890 kí ó tó jókòó, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Virginia. Ní oṣù Màáṣì 1891 àkókò rẹ̀ parí.

Ó kú ní Washington ní ọjọ́ 15 oṣù Nòfẹ́ḿbà, 1897. Virginia State University ni a ń pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lónìí.